Iwin tí a fi ọwọ́ yà, ènìyàn tí a fi kámẹ́rà yà: bí fíìmù ẹ̀rù aláwàdà ṣe ń pa méjèèjì pọ̀ láìná owó ńlá

Obìnrin kan ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lóru kó lè mú aṣọ ìbora. Iwin kékeré kan tó dà bí ohun tí ọmọdé fi kíréyọ̀n yà jókòó sórí aṣọ náà, ó ń jẹ bọ́tìnì ẹ̀wù. Obìnrin yìí wò ó. Òun náà wo obìnrin yìí. Obìnrin náà rọra ti ilẹ̀kùn padà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 9 ni gbogbo ìran náà, síbẹ̀ àyà òǹwòran á já, ẹ̀rín á sì tún pa á.

Irú ìran báyìí máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ṣé nǹkan kan wà lórí aṣọ náà lóòótọ́, àbí afẹ́fẹ́ lásán ni obìnrin náà ń wò? Ṣé kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo rẹ̀? Ṣé aṣọ aláwọ̀ ewé tí kọ̀ǹpútà máa ń pa rẹ́ ni wọ́n ta sẹ́yìn? Kí ló dé tí iwin inú fíìmù kan fi dà bí ẹni tó ń gbé inú ilé náà, tí ti òmíràn sì dà bíi sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì? Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé owó ló fa ìyàtọ̀ náà, tàbí pé ẹ̀rọ ẹnì kan ló lágbára ju ti ẹnì kejì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a ń ya ènìyàn gidi, nígbà tí iwin kankan kò tíì sí níbẹ̀, ni a ti ń ṣe iwin náà. Aṣọ tó rì mọ́ ọn nídìí, bọ́tìnì tó gbéra nílẹ̀, ojú obìnrin tó dúró síbi kan pàtó: àwọn wọ̀nyí ni ẹran ara iwin. Èyí tí a yà lẹ́yìn náà kò ju awọ lọ.

Èwo ni ánímésọ̀n, èwo ni kì í ṣe é?

Ánímésọ̀n ni gbogbo ohun tí a dá àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a wá tò tẹ̀lé ara wọn títí ojú fi gbà pé ó ń rìn. Bí a bá yà á sórí ìwé tàbí sórí kọ̀ǹpútà, kàtúùnù ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọláńgidi tàbí amọ̀ tí a ń sún díẹ̀díẹ̀, tí a ń ya fọ́tò rẹ̀ kan ní gbogbo ìgbà tí a bá sún un, stop motion nìyẹn. Bí a bá ya iwin náà lẹ́ẹ̀kan, tí a gé e sí wẹ́wẹ́, orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, tí a sì so wọ́n pọ̀ ní oríkèé-oríkèé, à ń pè é ní cutout. Rotoscope sì ni kí a kọ́kọ́ ya ènìyàn gidi, kí a wá tọ ìlà ara rẹ̀ ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí ọgbọ́n yìí ti wà: Max Fleischer fi ṣe Koko, aláwàdà kàtúùnù tó máa ń jáde látinú ìgò tàdáwà wá bá ayàwòrán gidi nídìí tábìlì rẹ̀, nínú Out of the Inkwell tó bẹ̀rẹ̀ ní 1918. Dave, arákùnrin Max, ni wọ́n wọ aṣọ aláwàdà fún kí wọ́n lè tọ ìrìn rẹ̀.

Ohun tí kì í ṣe ánímésọ̀n ni ọmọláńgidi rọ́bà tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ mì níwájú kámẹ́rà, tàbí òṣèré tó wọ aṣọ iwin. Kámẹ́rà ń yí bó ṣe máa ń yí ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà ló sì gbà. Fíìmù kan lè lo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú Evil Dead II, èyí tí Sam Raimi ṣe ní 1987, ènìyàn tó wọ aṣọ iwin wà níbẹ̀, òkú aláìlórí tó ń jó lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ òṣùpá sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ stop motion. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa bèèrè pé èwo ló dára jù. Iwin yẹn gan-an ni kó wò. Bí ó bá jẹ́ aláròyé tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, cutout ló yá jù: ara 1, orí 1, ẹnu 6, ojú 4 àti ọwọ́ 3 tó fún ọ̀pọ̀ ìjíròrò. Bí ó bá ń yí padà, tó ń nà, tó ń yọ́, kàtúùnù tí a yà ní àyàtúnyà ló yẹ ẹ́. Bí ó bá ń gbé nǹkan, tó ń gun nǹkan, tó yẹ kí ìwúwo rẹ̀ hàn, ọmọláńgidi ni, torí iná gidi ló ń bà lára rẹ̀, òjìji gidi ló sì ń jù sílẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo

Fíìmù máa ń fi àwòrán 24 hàn wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní férémù. Àwọn ayàwòrán kì í sábà ya gbogbo 24: àwòrán kan á dúró fún férémù méjì, ìyẹn ni pé àwòrán 12 ló tó fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún férémù mẹ́ta, 8 ló kù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé iwin fara hàn nínú ìran 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 120, férémù 2,880. Ní méjì-méjì, àwòrán 1,440 ni. Ní mẹ́ta-mẹ́ta, 960. Ẹnì kan tó lè fa ìlà, kó kun àwọ̀, kó sì parí àwòrán 20 lójúmọ́ yóò lo ọjọ́ 72 lórí ti àkọ́kọ́, 48 lórí ti ìkejì. Bí iwin bá di méjì nínú ìran kan, ẹ sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Ray Harryhausen, ọ̀gá stop motion tó mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mọ owó, lo ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin lórí ìjà ọmọláńgidi egungun méje pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta nínú Jason and the Argonauts, 1963.

Ibi tí owó àti agbára ti ń ṣòfò jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni kí a ya iwin kí a tó gé fíìmù. Ẹnì kan á lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìran ìṣẹ́jú-àáyá 8. Nígbà tí wọ́n bá wá ń tò ó pọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 3 ni ìran náà nílò. Ẹ ṣe é lódìkejì. Ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán játijàti àti ohùn onígbà díẹ̀ tò gbogbo fíìmù náà, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ yọ ohun tó pọ̀jù. Ẹ lọ ya ènìyàn gidi. Ẹ gé e títí ẹ kò fi ní fọwọ́ kan án mọ́. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ tó máa ya iwin, kí ẹ sì fi férémù 8 kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìran kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ̀ ń fẹ́ sún ibi tí ẹ gé díẹ̀.

Ìran kọ́bọ́ọ̀dù wa ńkọ́? Férémù 216 ni ìṣẹ́jú-àáyá 9. Ṣùgbọ́n iwin náà kò hàn ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, ìyẹn férémù 120, àwòrán 60. Nínú 120 yìí, 36 ni iwin fi ń ranjú mọ́ obìnrin náà láìmira. Bí a bá fi àwòrán kan ṣoṣo síbẹ̀, yóò kú fín-ín-fín, gbogbo ènìyàn á sì rí i pé ó kú. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó tọ àwòrán kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó máa yí wọn po. Ìlà rẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí omi tó fẹ́ hó, iwin náà á sì wà láàyè. Àwòrán 3 ti rọ́pò 18. Gbogbo iṣẹ́ ti di àwòrán 45.

Ọjọ́ tí a ń ya ènìyàn

Ibí ni fíìmù olówó-kékeré ti ń yè tàbí kó kú, nítorí náà a ó dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ gbé kámẹ́rà ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ so ohun tó wúwo mọ́ ọn lábẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án títí ìran náà yóò fi parí. Ẹ pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà ń dá ṣe fúnra rẹ̀: fókọ́ọ̀sì, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, àwọ̀. Bí ẹ bá ń lo fóònù, ẹ ṣọ́ iye férémù rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yí i padà láàárín ìran nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù. Ẹ ó rò pé 24 ni ẹ yà, àmọ́ níbì kan ó jẹ́ 23 àti díẹ̀, níbòmíràn 24 àti díẹ̀. Ọwọ́ iwin tó bá bọ́tìnì mu ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní bá a mu mọ́ lópin. Ẹ wá áàpù kámẹ́rà tó lè ti iye férémù pa. Bí iná ilé bá ń ṣẹ́jú nínú àwòrán, iná mànàmáná ló fà á: níbi tí iná bá ti jẹ́ hertz 50 (iye ìgbà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ẹ fi ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún férémù kan, sí 1/50, níbi tó bá ti jẹ́ 60, ẹ fi sí 1/60.

Àwọn kan á ní àwọn kò fẹ́ kámẹ́rà tó dúró gbagidi, pé ẹ̀rù ń fẹ́ kámẹ́rà tó ń gbọ̀n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ìgbọ̀n náà sí i lẹ́yìn. Ẹ ya ìran náà ní píksẹ́lì 3840 × 2160 (píksẹ́lì ni àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán), kí ẹ parí fíìmù ní 1920 × 1080. Ààyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo á jẹ́ kí ẹ lè mi àwòrán náà bó ṣe wù yín, ènìyàn àti iwin á sì jọ gbọ̀n pọ̀, torí ẹ ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ẹ tó mi wọ́n. Bí kámẹ́rà bá gbọ̀n nígbà tí ẹ ń ya ènìyàn, ẹ ó ní láti mú iwin tẹ̀lé ìgbọ̀n náà ní férémù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣìnà díẹ̀, iwin á máa léfòó bí ewé orí omi.

Ìran kọ̀ọ̀kan, ẹ yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ti àfiwé: ẹ gé páálí ní ìwọ̀n iwin náà, ẹ gbé e síbi tí yóò wà, kí òṣèré fi ṣe ìdánrawò, kí kámẹ́rà sì gbà á. Ẹ fi bọ́ọ̀lù funfun tí kì í dán, tó tó ìkúùkù ènìyàn, síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Lára bọ́ọ̀lù yẹn ni ẹ ó ti rí ibi tí iná ti ń wá, bí òjìji ṣe dúdú tó, àti àwọ̀ tí ògiri ń tàn padà síbẹ̀. Ìkejì ni ti eré gan-an, láìsí páálí. Ìkẹta ni ti òfo: kí gbogbo ènìyàn kúrò, kí kámẹ́rà ya yàrá òfìfo fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Àwọn tó ń kánjú máa ń fo ti òfo yìí. Nígbà tí wọ́n bá wá rí okùn kan tó yẹ kí wọ́n pa rẹ́, kò sí ohun tí wọn yóò fi bo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ló kàn. Bí òṣèré bá ń wo òfìfo, ojú rẹ̀ á kọjá lọ sí ògiri ẹ̀yìn. Iwin wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí i, ògiri wà ní mítà 3, ẹyinjú méjèèjì kò sì pàdé síbi tó yẹ. Òǹwòran lè má mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé obìnrin náà kò rí nǹkan kan. Ẹ ta òwú tín-ínrín kan síbẹ̀, kí ẹ ta kókó sí i ní déédéé ibi tí ojú iwin yóò wà. Kókó yẹn ni kó máa wò. Ó rọrùn láti pa á rẹ́, pàápàá nígbà tí iwin á jókòó lé e lórí. Bí òṣèré bá jẹ́ méjì, kókó kan náà ni kí wọ́n jọ wò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹnì kan ń wo orí iwin, èkejì ń wo ikùn rẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí iwin bá fọwọ́ kàn. Aṣọ ìbora ló jókòó lé, nítorí náà aṣọ náà gbọ́dọ̀ rì. Ẹ gun òwú ìpẹja láti òkè aṣọ náà gba inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kó gba ihò kékeré kan lára pákó kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan dì í mú lábẹ́. Bí ó bá fà á, kòtò kékeré á yọ lójú aṣọ. Bí iwin bá yí ìdí padà, kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó tún fà á. Ohun kékeré yìí lásán ló ń sọ iwin pẹlẹbẹ di ohun tó níwúwo. Bọ́tìnì náà jẹ́ bọ́tìnì gidi: òwú ló gbé e dìde láti ara ẹ̀wù. Nígbà tí ọwọ́ iwin tí a yà bá bò ó pátápátá, férémù yẹn gan-an ni a ó pa bọ́tìnì gidi rẹ́, tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti kíréyọ̀n. Ojú kò ní rí ìpààrọ̀ náà, torí ọwọ́ wà lórí rẹ̀. Bí àwọn tó ṣe Who Framed Roger Rabbit ní 1988, fíìmù tí ehoro kàtúùnù àti ènìyàn gidi ti jọ ṣeré, ṣe ṣe é náà nìyẹn: ohun gidi tó wà lọ́wọ́ kàtúùnù, okùn àti ẹ̀rọ ló ń gbé e rìn nígbà tí wọ́n ń ya ènìyàn. Owó tiwọn pọ̀, ọgbọ́n náà kò sì yàtọ̀.

Nínú fíìmù yẹn náà ni ìran àtùpà kan wà tí orí kọlù, tí àtùpà ń fì síwá sẹ́yìn. Òjìji ara ehoro náà ní láti yí padà ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ́wà púpọ̀. Fún ẹni tó ń dá yàwòrán, ó tó ìdí kan láti má ṣe jẹ́ kí iná kankan rìn nígbà tí iwin bá wà lójú. Kí iná dúró síbì kan, kó wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí ọwọ́ bá gba iwájú iwin kọjá

Bí iwin bá wà níwájú gbogbo nǹkan, iṣẹ́ rọrùn: ẹ gbé e lé e lórí, ó parí. Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí apá obìnrin náà bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. A ní láti gé apá yẹn jáde ní férémù kọ̀ọ̀kan, ká gbé e lé iwin lórí. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 jẹ́ férémù 48, irun orí àti etí aṣọ tó ń fẹ́ sì lè jẹ odindi ọjọ́ kan.

Harryhausen yanjú rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré nínú The Beast from 20,000 Fathoms, 1953. Ó tan àwòrán àwọn ènìyàn gidi sójú sikirín kékeré lẹ́yìn ọmọláńgidi ẹranko rẹ̀, ó gbé gíláàsì síwájú kámẹ́rà, ó sì fi ọ̀dà dúdú bo apá ìsàlẹ̀ gíláàsì náà. Lẹ́yìn tó ya ìyẹn tán, ó yí fíìmù padà sẹ́yìn, ó bo apá òkè, ó tún ya apá ìsàlẹ̀ nìkan sórí fíìmù kan náà. Ẹranko náà wá bọ́ sáàárín, ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan wà níwájú rẹ̀. Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni pé ìlà tó gbọnrangandan, tí kò sì mira, kò gba wàhálà. Nítorí náà ẹ fi iwin sẹ́yìn tábìlì, sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, sẹ́yìn orí ibùsùn. Ẹ gé ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tó fún gbogbo ìran. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń bo iwin mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ń tì. Pákó náà ń rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà tààrà ni. Férémù 14 péré ló sì gba títọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ aláwọ̀ ewé kò gùn. Iwin tí ẹ yà sórí kọ̀ǹpútà kò nílò rẹ̀ rárá, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo látilẹ̀. Ó wúlò fún nǹkan méjì: nígbà tí ènìyàn gidi bá wọ inú ayé tí a yà, àti nígbà tí ẹ bá ya ọmọláńgidi lọ́tọ̀. Kí ènìyàn jìnnà sí aṣọ náà tó mítà 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ ewé á tàn sí i lọ́rùn àti létí irun. Kí iná tó ń bà lára aṣọ náà dọ́gba káàkiri. Ẹ má sì ṣe fi àwọ̀ ewé kun iwin tí ẹ fẹ́ yà níwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gbé ara rẹ̀ jù nù pẹ̀lú aṣọ.

Sítíkà tàbí ẹ̀dá

Ẹ ti ya iwin tán, ẹ ti gbé e lé e lórí, ó ṣì dà bíi sítíkà. Ẹ kọ́kọ́ wo dúdú rẹ̀. Dúdú inú ìran òru kì í sábà dé òdo: lórí òṣùwọ̀n 0 sí 255, ó lè jẹ́ 15 tàbí 20. Bí ìlà iwin bá jẹ́ 0, yóò yọ síta gbangba. Ẹ mú àwọ̀ láti ibi tó ṣókùnkùn jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ fi ṣe tàdáwà. Ẹ ṣe funfun rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, àyàfi bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ẹyinjú rẹ̀ máa tàn.

Òjìji ló tẹ̀ lé e, méjì ni kó jẹ́. Ọ̀kan tín-ínrín, tó dúdú dáadáa, ní ibi tí ìdí iwin ti kan aṣọ gan-an. Ọ̀kan fẹ̀, ó rọ̀, ó sì ṣí lọ sí òdìkejì iná. Ẹ fi wọ́n sí ìlànà multiply, èyí tó ń mú kí ohun tó wà lábẹ́ wọn ṣókùnkùn sí i, ti àkọ́kọ́ ní bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ìkejì ní bí ìdá 35, kí ẹ sì máa dín in kù títí yóò fi bá àwọn òjìji tó ti wà nínú yàrá mu. Ẹni tó bá lo ti ìkejì nìkan, láìsí ti àkọ́kọ́, ni iwin rẹ̀ máa ń léfòó. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ etí iwin díẹ̀, píksẹ́lì kan tàbí ààbọ̀, torí lẹ́ńsì kì í ya ohunkóhun kó mú tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà máa ń fi hóró wínníwínní sínú àwòrán òru; kí iwin náà ní tirẹ̀.

Ẹ fi PNG tọ́jú àwòrán, ẹ má ṣe fi JPEG, torí JPEG kò lè mú ẹ̀yìn tó ṣófo dání. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i pẹ̀lú dígíìtì mẹ́rin, iwin_0001 lọ sókè. Bí nọ́ńbà kan bá sọnù láàárín, ibẹ̀ ni iwin á ti pòórá. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ínrín yí iwin ká tí ẹ kò yà, kì í ṣe ọwọ́ yín ló fà á. Sọ́fítíwíà ló ṣi etí àwòrán náà kà. Ẹ lọ síbi ètò alpha, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ka ẹ̀yìn tó ṣófo, kí ẹ yí i láti premultiplied sí straight tàbí láti straight sí premultiplied, ìlà náà á lọ. Krita, OpenToonz àti Blender ṣeé fi yàwòrán láìsan kọ́bọ̀. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ sì ní Fusion nínú, ó tó fún pípa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Fún àwọn tó yan ọmọláńgidi: wáyà alùmíníọ́mù oní mìlímítà 2, kí ẹ lọ́ méjì pọ̀, ni egungun rẹ̀. Ẹ fi síkúrúù de ẹsẹ̀ mọ́ pákó láti abẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣubú ní àwòrán 87, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ẹ lo iná LED, torí gílóòbù gbígbóná á yọ́ amọ̀. Ẹ dí fèrèsé pa, oòrùn ń rìn láàárín wákàtí mẹ́rin tí ẹ ó lò. Bí àwòrán bá tún ń ṣẹ́jú lẹ́yìn gbogbo èyí, lẹ́ńsì oníná ni, kì í pa ojú rẹ̀ dé bákan náà ní gbogbo ìgbà. Lẹ́ńsì tí a ń fi ọwọ́ yí ló yanjú ẹ̀.

Ẹ̀rù àti ẹ̀rín nínú ìkòkò kan

Iwin kíréyọ̀n kò jọ ohun gidi, a kò sì ní kó jọ. Nobuhiko Obayashi mọ èyí nígbà tó ṣe Hausu ní Jàpáàn ní 1977: ó fẹ́ kí àwọn iwin àti dùùrù tó ń jẹ ènìyàn nínú fíìmù náà rí bí ohun tí ọmọdé rò jáde. Ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ ni ìbẹ̀rù ẹni tó wà níwájú iwin. Òṣèré tó bá ń ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé àwàdà ni yóò ba méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí obìnrin náà bẹ̀rù tọkàntọkàn, kí ó sì ti ilẹ̀kùn tọkàntọkàn.

Kí iwin náà ní òfin, méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má sì yà kúrò nínú wọn: ta ló lè rí i, kí ló lè fọwọ́ kàn, kí ló ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ pàápàá ní òfin tirẹ̀. Bí iwin bá bu ènìyàn jẹ, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì jẹ́ kíréyọ̀n, ẹ̀rín ni. Bí ẹ̀jẹ̀ gidi bá jáde, gbogbo yàrá á dákẹ́. Ẹni tó fi kíréyọ̀n dà á ní ìgbà mẹ́ta tó sì fi gidi dà á ní ìgbà kẹrin ti rí ohun tó lágbára ṣe láìná owó kankan lé e.

Ibi tí ẹ̀rín wà gan-an ni ìranjú yẹn. Ẹ fi férémù 12 dán an wò, yóò kọjá kí òǹwòran tó mọ̀. Ẹ fi 36 dán an wò, ẹ̀rín á bọ́. Ẹ fi 72, ẹ̀rín á bọ́, á parí, iwin á sì ṣì máa wò, ẹ̀rù á wá padà dé. Àwòrán 3 tí ẹ ń yí po ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó yan ọ̀kan.

Ohùn ló kù. Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá náà, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ lè tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ohùn tí ẹ bá fi kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn iwin á dà bí èyí tó wá láti ilé mìíràn. Ẹ fi bọ́tìnì sáàárín ẹnu pílíásì, kí ẹ fún un títí yóò fi fọ́, kí máíkì wà ní bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí i. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró lórí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí obìnrin náà tì, fún ìṣẹ́jú-àáyá 2, láìsí àwòrán kankan tí ẹ yà. Lẹ́yìn náà, láti inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí bọ́tìnì kejì fọ́.